Ọ̀nà Tí Dáírẹ́kítọ̀ Júwe

Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ Ẹniọlá, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ti yí i dé orúnkún, ó sì ń fi bàtà ọwọ́ rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tí ẹni tó ni ín wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tún un ṣe. Oríta Òkè-Ọ̀pẹ nìyẹn, abà kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ̀. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

"Ẹ jáde síta! Ẹ jáde kí n rí ojú yín!"

Fọláránmi fi ẹ̀yìn wọ́ jáde. Epo ọkọ̀ ti yí i lójú. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin tó rẹwà tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n fún ìbínú, ó sì sáré dìde.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí ní wákàtí méjì sẹ́yìn?"

"Èmi ni, ma."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa lọ títí màá fi kan ilé Bàbá Jeremiah, kí n wá yà sọ́wọ́ ọ̀tún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ilé Bàbá Jeremiah dà?"

Fọláránmi nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Ó ti wó, ma. Ó tó ọdún mẹ́fà."

"Ó ti wó! Ẹ ní kí n máa wá ilé tó ti wó! Mo rìn títí mo fi dé etí odò!"

"Gbogbo wa la mọ ibẹ̀, ma."

"Ṣé mo wà lára gbogbo yín?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń júwe ọ̀nà ní agbègbè wa, mi ò ní purọ́. Ilé tó ti wó, igi tí wọ́n ti gé, ilé epo tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà ológun, àwọn la fi ń júwe. Àlejò ló ń jìyà rẹ̀. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni Ẹniọlá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí ilé ìwé abà náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ó sì ti pẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ," ni Fọláránmi wí.

"Mi ò fẹ́!"

Ó yí padà, ó ń lọ. Fọláránmi gbé báàgì rẹ̀ tó gbàgbé sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí Ẹniọlá dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ó dúró. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ọ̀tún àbí òsì?"

"Òsì, ma. Ọ̀tún tí mo júwe ṣì wà níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mọ́."

"Màá bínú dọ̀la."

Ó bínú dọ̀la lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀túnla, Fọláránmi gbé iṣu sísun àti epo pupa wá fún un lásìkò ìsinmi, ó sì gbà á. Ẹ máa wò ó.

Ọmọ Bàbá Bámijókò ni Fọláránmi, ìdílé tó ti ń dáko ní Òkè-Ọ̀pẹ láti ayé bàbá àgbà wọn. Ó ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ní pólì, ó sì padà sóko kòkó bàbá rẹ̀ nítorí pé ó wù ú. Ẹniọlá ní tirẹ̀, ọmọ Dáírẹ́kítọ̀ ni. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló ń pe bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga, bẹ́ẹ̀, nítorí ipò tó wà ní sẹkitéríàtì l'Ádó kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹniọlá gba yàrá kan ní Ìṣẹ̀ nítorí iṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan Fọláránmi dúró lójú fèrèsé kíláàsì, ó ń dúró kí tíṣà parí. Ẹniọlá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gàdàgbà sójú pátákó: *direct*.

"Kí ẹ júwe ọ̀nà fún àlejò, òun nìyí," ló ń sọ fún àwọn ọmọ. "Kí ọ̀gá pàṣẹ fún ọmọ abẹ́ rẹ̀, òun náà ni. Kí ènìyàn máa darí eré orí ìtàgé, òun ni. Kí a lọ tààrà láìyà síbì kankan, òun náà ni."

Ọmọ kan nawọ́. "Àǹtí, èwo ló le jù nínú wọn?"

"Èyí àkọ́kọ́. Tẹ́ ò bá gbà, ẹ bi bọ̀dá tó wà lójú fèrèsé yẹn."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fọláránmi náà rẹ́rìn-ín, ó bo ojú.

Nígbà tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ń jẹ iṣu, Fọláránmi bi í pé, "Bàbá yín ńkọ́? Èwo nínú ìtumọ̀ yẹn ni tiwọn?"

"Ìkejì. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́, wọn ò tíì fẹ̀yìn tì nílé."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kí lẹ ní lọ́kàn?"

"Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń darí nínú eré orí ìtàgé ìparí ọdún. Ẹ̀rù bà mí lóde."

Ẹniọlá fi iṣu sílẹ̀. Ó wò ó bíi pé ó fẹ́ tún bọ́ bàtà. Ó wá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ̀rù bàbá mi ni mo fi dàgbà, Fọlá. Mò ń gbìyànjú kí n má jogún ohùn wọn." Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ láìfi Bọ̀dá síwájú, ọjọ́ yẹn náà ni "ẹ" kúrò láàárín wọn tí "ìwọ" wọlé.

Ìfẹ́ wọn dùn. N kò ní fi ìbínú mi ba ìyẹn jẹ́. Fọláránmi máa ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé e láti ilé ìwé lọ sí Ìṣẹ̀, wọ́n á sì máa jiyàn lọ lójú ọ̀nà. Ó ń pè é ní Tíṣà mi, òun náà ń pè é ní Olóko mi. Nígbà tí ibà dá Ẹniọlá gúnlẹ̀, Fọláránmi sin ín lọ sílé ìwòsàn, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń ka ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì sí i létí, ó ń ṣi gbogbo Gẹ̀ẹ́sì pè kó lè rẹ́rìn-ín. Kó tó pé ọdún kan, ó ti bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Ẹniọlá ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá ku Dáírẹ́kítọ̀.

Bàbá náà kò jẹ́ kí Fọláránmi tẹ ilé rẹ̀. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbà á lẹ́yìn ìsìn, lórí ìdúró, bí ẹni ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ mẹ́séńjà.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Àgbẹ̀ ni mí, sà. Kòkó àti ẹ̀gẹ́."

"O lọ sí pólì, o wá padà sí oko ẹ̀gẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Mo ti rí ọ." Ó yí ẹ̀yìn sí i.

Nílé ó sọ fún Ẹniọlá pé Babátúndé ló máa fẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ olùkọ́ ní fásitì. Ẹniọlá ní òun ò fẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kì í ṣe ìbéèrè lòun béèrè. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ja ìjà yìí. Ìyá Ẹniọlá, Mọ́mì Grace, tíṣà àgbà tóun náà ti fẹ̀yìn tì, kò dá sí i. Kì í dá sí nǹkan kan. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nílé ọkọ, "Ẹ gbọ́ ohun tí Dádì yín wí" sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lójijì, lọ́sẹ̀ kan báyìí, Dáírẹ́kítọ̀ rọ̀. Ó ní, "Kí wọ́n wá ní Sátidé, agogo méjìlá ọ̀sán, ká mọ ara wa. Fún mi ní nọ́ńbà bàbá rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá júwe ilé fún un."

Ẹniọlá kúnlẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Bàbá náà fọwọ́ pa á lórí. Ọlọ́run ló mọ bí ọwọ́ yẹn kò ṣe rọ. Mo sọ ọ́, n kò sì kó o jẹ.

Nítorí ọ̀nà tó júwe fún Bàbá Bámijókò kì í ṣe ọ̀nà ilé rẹ̀. Ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Àfàò. Ó júwe ilé kan ní Ùró, lódìkejì ìlú, ilé olókè kan tó ní géètì dúdú, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tì pa tí wọ́n kó lọ sí Èkó. Ó júwe rẹ̀ dáadáa. Kò sí igi tí wọ́n gé níbẹ̀, kò sí ilé tó wó. Ó ní kí Bàbá Bámijókò tún un sọ fóun, ìyẹn tún un sọ, ó ní, "Ó pé bẹ́ẹ̀, sà." Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ ìwé àṣẹ fún ìjọba, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí kò fi ní sí àṣìṣe.

Ní Sátidé, Bàbá Bámijókò dé Ùró ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀, òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì àti Fọláránmi. Iṣu kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kẹ́ẹ̀gì epo wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀. Wọ́n kan géètì. Wọ́n kàn án, wọ́n kàn án. Oòrùn mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pe Ẹniọlá," ni Fọláránmi wí.

"Pè é kí o wí kí ni?" Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, agbádá funfun tó fi ṣe ìgbéyàwó ló wọ̀. "Àna mi fi ẹnu ara rẹ̀ júwe ulé fún mi. Kí n wá ní kí ọmọ rẹ̀ tàbí ará àdúgbò tún un júwe? Ó túmọ̀ sí pé mo ní ó purọ́. Wọ́n á dé. Bóyá wọ́n lọ gbé nǹkan mímu."

Ẹ gbọ́ mi, àwa nìkan la lè ṣe àṣìṣe yìí láyé. Ẹlòmíràn ì bá ti tẹ fóònù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀wọ̀ àna ló dá ọkùnrin yìí dúró sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́rin, ẹni tó sì mọ̀ pé ọ̀wọ̀ yóò dá a dúró ló rán an lọ síbẹ̀. Fọláránmi yọ́ lọ sẹ́yìn ògiri, ó pe Ẹniọlá lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún. Kò gbé e.

Kò lè gbé e. Láàárọ̀ ni bàbá rẹ̀ ti gba fóònù náà. "Ọmọ tí wọ́n ń bọ̀ wá wò kì í tẹ fóònù," ló wí. Ẹniọlá rẹ́rìn-ín, ó fà á fún un. Ó jókòó sí yàrá pẹ̀lú gèlè lórí, ó ń gbọ́ bí agogo ṣe ń lù. Nígbà tí agogo méjì lù, Dáírẹ́kítọ̀ dìde láàárín àwọn mọ̀lẹ́bí tó pè jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin náà ti rí i. Mo fún wọn láyè, wọn ò wá, wọn ò ránṣẹ́. Àwọn ará oko tí kò mọ iye agogo. Ọ̀rọ̀ yìí ti tán nínú ilé mi."

Agogo mẹ́rin kọjá kó tó dá fóònù náà padà. Ẹniọlá wo ojú rẹ̀. Ìpè mọ́kàndínlógún. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo: "Ilé tí wọ́n júwe, títì ló wà. Bàbá mi dúró nínú oòrùn láti àárọ̀. Ẹ ṣeun."

"Ẹ ṣeun" yẹn ló gún un lọ́kàn jù. Ó ti lé ní ọdún kan tí Fọláránmi ti fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ó jáde sí pálọ̀, ó gbé fóònù náà sí ojú bàbá rẹ̀. "Dádì, ilé wo lẹ júwe fún wọn?"

"Mo júwe ilé. Bí wọn ò bá rí i..."

"Ilé wo?"

"Má jágbe mọ́ mi nínú ilé mi!"

"Ilé Ùró ni." Mọ́mì Grace ló sọ̀rọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ọbẹ̀ tó sè fún àlejò ṣì wà lórí iná lẹ́yìn rẹ̀. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń júwe rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, Ẹniọlá. Mo dákẹ́."

Ẹniọlá wo ìyá rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Ìbínú tó mú un, mi ò lè sọ ọ́ tán.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé kí ènìyàn júwe ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé kó pàṣẹ. Àṣẹ nìkan lẹ mọ̀ láyé yín, Dádì. Ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa júwe ọ̀nà fún ẹnìkan, ẹ tún fi ṣe ibi. Bàbá arúgbó! Nínú oòrùn! Ẹ ò tijú!"

"Jáde níwájú mi!"

"Mo ti jáde."

Ó gba Ùró lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gbogbo iṣu wọn ni Bàbá Bámijókò ti tò sẹ́nu géètì, pẹ̀lú epo àti oyin, nítorí ó ní ohun tí òun bá ti gbé fún àna, òun ò ní gbé e padà sílé. Àwọn ewúrẹ́ ti ń jẹ ẹ́. Ẹniọlá lé ewúrẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún débi pé àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ta ló kú.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Òkè-Ọ̀pẹ. Fọláránmi wà nídìí kòkó tó sá sílẹ̀, kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ma."

"Má pè mí ní ma. Fọlá, mi ò mọ̀."

"Ilé bàbá rẹ ni. Fóònù rẹ ni. O ò mọ̀?"

"Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi! Ìwọ tí o mọ̀ mí, o lè rò pé mo jókòó sílé mo ń wo aago nígbà tí ìyá rẹ wà nínú oòrùn?"

"Ìyá mi dákú, Ẹniọlá! Ó dákú lójú títì, àwọn ọlọ́kadà ló bomi sí i lórí!" Fọláránmi ti dìde báyìí, omi lójú rẹ̀. "Wọ́n ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá tó ń ta iṣu fún ilé òfìfo. Mi ò mọ ohun tí mo lè rò mọ́."

Ẹniọlá fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ bá Bàbá Bámijókò níbi tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó tọrọ gáfárà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìbo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Dìde, ọmọ mi. Mi ò bá ọ jà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò tún ní bá ọ̀nà tí bàbá rẹ júwe lọ síbì kan mọ́ láyé. Bó bá fẹ́ kí n wá tọrọ ọmọ, kó wá síbí, kó sọ ohun tó ṣe fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, kó wá mú wa dé ulé rẹ̀. Kó rìn síwájú, ká máa wò ó. Bí kò bá wá, ọmọ mi ò ní fẹ́ ọ. Ó dùn mí láti sọ ọ́."

Fọláránmi gbọ́ ọ, kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ẹniọlá padà sí yàrá rẹ̀ ní Ìṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò dé Ìkẹ́rẹ́, Fọláránmi kò sì dé ilé ìwé. Ẹniọlá ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń jágbe mọ́ wọn, ó ń lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Nílé Dáírẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ń ṣẹlẹ̀. Ẹniọlá ti ròyìn fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù bí ìyá Fọláránmi ṣe dákú àti ohun tí Bàbá Bámijókò wí. Mọ́mì Grace ti la ẹnu, kò sì lè pa á dé mọ́.

"Ẹ lọ mú wọn," ló ń wí láàárọ̀.

"Èmi? Kí n lọ bẹ àgbẹ̀?"

"Ẹ lọ mú wọn," ló ń wí lálẹ́.

"Grace, mo ní kí o dákẹ́!"

"Mo ti dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ wo ohun tí mo fi dákẹ́ ṣe fún ọmọ mi! Mo bá yín ṣe é! Ẹnu mi tí mo pa mọ́ ló jẹ́ kí obìnrin ẹgbẹ́ mi dákú sójú títì. Ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi máa lọ mú wọn. Màá fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹ́rẹ́. Gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè lójú ọ̀nà pé níbo ni mò ń lọ, màá sọ ohun tí ọkọ mi ṣe fún un."

Dáírẹ́kítọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní àárọ̀ Sátidé ó rí i tó ń so okùn bàtà tẹ́ńìsì. Òun náà mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Agogo mẹ́wàá ni wọ́n dé Òkè-Ọ̀pẹ pẹ̀lú Ẹniọlá tí wọ́n kọ́kọ́ lọ gbé ní Ìṣẹ̀. Mọ́mì Grace kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá Fọláránmi, àwọn obìnrin méjèèjì sì di ara wọn mú. Dáírẹ́kítọ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó wá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tó sú u, ó ṣí i fúnra rẹ̀.

Bàbá Bámijókò ń fi ọwọ́ yí kòkó lórí ẹní, kò gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Dáírẹ́kítọ̀ wí. "Mo wá mú yín."

"Kí lo ṣe fún wa?"

"Sà?"

"Mo ní kí lo ṣe fún wa?"

Dáírẹ́kítọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo abà ti jáde wá wòran. "Mo purọ́ fún yín. Mo rán yín lọ sí ilé tí mo mọ̀ pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀, kí ẹ lè pẹ́, kí n lè lé yín."  Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti aṣọ tó ti lọ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà."

Bàbá Bámijókò tún kòkó yí lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa, a gbọ́. Dìde, kòkó ń yí ọ láṣọ." Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó lọ múra.

Lẹ́yìn ilé, Fọláránmi dúró níwájú Ẹniọlá, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ?"

"Ó ń bí mi gan-an. Sí Dádì. Sí Mọ́mì. Sí ìwọ, tí o rò pé mo lè ṣe irú ẹ̀."

"Mo jẹ̀bi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sùn. Tíṣà mi, ṣé wàá fẹ́ mi pẹ̀lú gbogbo ìbínú yìí?"

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní dákẹ́ nínú ilé rẹ, Fọlá. Ohun tí mo bá rí tí kò dáa, màá sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ ìyàwó tó máa dákẹ́, sọ ọ́ báyìí kí n máa lọ."

"Máa sọ ọ́," ni Fọláránmi wí. "Kí o sọ ọ́ kó ta mí létí." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, Ẹniọlá kò sì já ọwọ́ náà gbà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, Dáírẹ́kítọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹniọlá, wọlé. Ilé bàbá rẹ ló yẹ kí wọ́n wá bá ọ."

"Rárá, Dádì," ló wí. Ó gun píkọ́ọ̀pù, ó jókòó ti ìyá Fọláránmi.

Dáírẹ́kítọ̀ di ilẹ̀kùn mú. Ó wá tì í, ó tan ọkọ̀, ó bọ́ síwájú, ó sì ń rọra lọ kí àwọn tó wà lẹ́yìn má bàa pàdánù ọ̀nà.